Ìgbà Tí Ọmọ Ata Rodo Bá Tó Lọ́ sí Ìkòkò Ńlá

Ata rodo tí wọ́n bá gbìn sínú ìkòkò kì í sábà lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Inú abọ́ tàbí ike kékeré ni wọ́n ti ń fọ́n hóró rẹ̀. Bó bá yọ tán, wọn a ṣí i lọ sínú ìkòkò tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá lọ́ ọ sínú èyí tí yóò ti so. Ìkòkò níhìn-ín kì í ṣe ti amọ̀ nìkan: ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń lò ní nọ́sìrì, ike ọ̀dà, àpò ìrẹsì àti ọ̀rá pure water tí wọ́n ti mu omi inú rẹ̀ tán, gbogbo wọn ni ìkòkò. Iṣẹ́ lílọ́ fúnra rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mímọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣe é ni ó le, nítorí ohun tó yẹ kí olùgbìn wò kò hàn sójú táyé. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó wà.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ olùgbìn ń gbà mọ àsìkò: àwọn kan ń ka ọ̀sẹ̀, àwọn kan ń wo bí ó ṣe ga tó. Méjèèjì wúlò. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ọmọ ata máa ń kúrò ní nọ́sìrì láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n fọ́n ọn, nígbà tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, tó sì ti ní ewé gidi mẹ́rin sí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n òǹkà yìí kò ju amọ̀nà lọ. Ọmọ ata méjì tí hóró wọn ti inú rodo kan náà wá, tí wọ́n gbìn lọ́jọ́ kan náà, lè yàtọ̀ síra bí ọ̀kan bá wà níta gbangba tí èkejì sì wà níbi tí oòrùn kì í dé. Èyí tó wà lábẹ́ òjìji lè ga ju èkejì lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ó ń nàgà wá, síbẹ̀ kí gbòǹgbò rẹ̀ má tíì tó nǹkan. Bí olùgbìn bá fi gíga dá a lẹ́jọ́, èyí tí kò tíì tó ni yóò kọ́kọ́ lọ́. Gbòǹgbò ni ó ń sọ ìgbà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ àti gíga ni láti sọ ìgbà tó yẹ kí olùgbìn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbòǹgbò wò.

Ó ní ìdí tí wọn kì í fi í gbin hóró tààrà sínú ìkòkò ńlá. Igi ilẹ̀ olóoru ni rodo. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni irú rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, òwò orí òkun ni ó sì gbé e dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn ọdún 1492. Bí ilẹ̀ bá móoru dé ìwọ̀n 25 sí 30 lórí ìdíwọ̀n Celsius, hóró rẹ̀ lè yọ láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí òtútù bá wà nínú ilẹ̀, ó lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí tòmátì tí wọ́n jọ gbìn yóò ti yọ ṣáájú rẹ̀. Abọ́ kékeré rọrùn láti gbé lọ síbi tó móoru, ó rọrùn láti bò, ó sì rọrùn láti ṣa èyí tó dára kúrò lára èyí tí kò dára. Ìkòkò ńlá kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Omi tí wọ́n bá dà sí i kò rí gbòǹgbò tí yóò fà á, ilẹ̀ rẹ̀ yóò máa rin lọ́pọ̀ ọjọ́, inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kòkòrò àrùn tín-ín-tín bíi Pythium àti Rhizoctonia ti ń jẹ ìdí ọmọ ata. Ọmọ ata tó dúró ṣánṣán lálẹ́ yóò ti ṣubú kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdí rẹ̀ yóò sì ti rà.

Ìlọ́ àkọ́kọ́ ni ti ọmọ ata tí wọ́n fọ́n pọ̀ sínú abọ́ kan. Ewé méjì tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe ewé ata gidi. Inú hóró ni wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gùn, ẹnu wọn ṣóńṣó, wọn kò sì jọ ewé tí yóò tẹ̀ lé wọn. Oúnjẹ tí ọmọ ata gbé wá látinú hóró ni ó ń jẹ ní gbogbo àkókò yìí, kò tíì sí ohun púpọ̀ tó ń gbà lọ́wọ́ ilẹ̀. Ìgbà tí ewé gidi méjì bá là tán láàárín àwọn ewé àkọ́kọ́ ni ó tó yà sọ́tọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìkòkò tirẹ̀. Ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9 tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá pure water tí wọ́n gé lórí tí wọ́n sì lu ihò sí nídìí. Ewé ni wọ́n ń dì mú nígbà tí wọ́n bá ń yà á, wọn kì í di ara igi mú. Bí ewé kan bá ya, òmíràn yóò hù. Bí igi bá tẹ̀, ó parí nìyẹn. Ọmọ ata tí wọ́n gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú tíréè oníhò kò nílò ìyàsọ́tọ̀ yìí. Yóò dúró síbẹ̀ títí gbòǹgbò rẹ̀ yóò fi gba inú ihò náà kan.

Láti ìgbà tí wọ́n bá ti yà á sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ ìwòye bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò ọmọ ata máa ń lọ sísàlẹ̀, ó sì máa ń ya ẹ̀ka sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹ̀ka náà bá kan ara ìkòkò, kò ní ibi tí yóò gbà jáde, yóò yí orí padà, yóò sì máa tọ ara ìkòkò lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyípadà yìí kò ṣe ibi kankan. Òun gan-an ni ó ń so ilẹ̀ inú ìkòkò pọ̀ di òkìtì kan tó ṣe é gbé láìtú. Ṣùgbọ́n bí àyè bá tán pátápátá, ẹ̀ka tuntun yóò máa gba orí ẹ̀ka àtijọ́, ilẹ̀ yóò máa dín kù láàárín wọn, gbòǹgbò nìkan ni yóò sì kù nínú ìkòkò. Àárín ìgbà tí gbòǹgbò so ilẹ̀ pọ̀ àti ìgbà tí ó fún ara rẹ̀ pa ni àkókò lílọ́ wà. Kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kò sì sí ewu fún ẹni tó bá ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí rẹ̀.

Àwọn àmì kan wà lókè ilẹ̀ tó ń fi hàn pé àkókò náà ti ń súnmọ́. Èkíní ni pé ewé yóò fẹ̀ kọjá ẹnu ìkòkò. Bí ewé ṣe ń tẹ́ lókè ni gbòǹgbò ń tẹ́ nísàlẹ̀, nítorí náà ọmọ ata tí ewé rẹ̀ ti bo ẹnu ìkòkò mọ́lẹ̀ kò ní ṣàìní gbòǹgbò tó ti kan ara ìkòkò. Èkejì ni omi. Ìkòkò tí wọ́n ń bomi rin ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé oòrùn pọ̀ sí i. Ọwọ́ ni ó ń mọ èyí ju ojú lọ: ẹni tó bá ń gbé ìkòkò rẹ̀ wò láràárọ̀ yóò mọ bí ó ti ń wúwo tó nígbà tí omi wà nínú rẹ̀ àti bí ó ti ń fúyẹ́ tó nígbà tí omi tán. Ẹ̀kẹta ni kí ẹnu gbòǹgbò máa yọ ní ihò ìdí ìkòkò. Ẹ̀kẹrin ni kí ewé tuntun tó ń jáde lọ́mùnú kéré ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Àmì kan péré kò tó láti fi dá ẹjọ́. Gbòǹgbò kan lè gba ihò ìdí jáde nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ṣì ṣófo. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá pàdé lára igi kan náà, ó tó yọ wò.

Yíyọ wò ni ìdánwò tó dájú jù, kò sì léwu bí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Wọn yóò bu omi díẹ̀ sí i, wọn yóò sì dúró bíi wákàtí kan kí ilẹ̀ lè di ara rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò jẹ́ kí ìdí igi wà láàárín ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, kí àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ilẹ̀, wọn yóò dorí ìkòkò kodò, wọn yóò sì rọra gbá ìdí rẹ̀ títí yóò fi bọ́ sílẹ̀. Ọ̀rá dúdú kò ṣe é dorí kodò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rọra tẹ̀ láti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti le, ihò ara rẹ̀ ni wọ́n sì ń wò. Ọ̀rá pure water rọrùn jù lọ nítorí pé ojú ríran wọ inú rẹ̀, gbòǹgbò yóò sì hàn láti ìta láìyọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé bẹ́ẹ̀ kò bá gbòǹgbò lára mu, ó sì ń mú kí ewédò hù mọ́ ara ọ̀rá. Olùgbìn tó mọṣẹ́ máa ń to irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ sínú páálí, kí òkùnkùn lè wà nídìí rẹ̀, tó bá fẹ́ wò ó ni yóò fà á yọ.

Ohun mẹ́ta ni ojú lè bá. Bí ilẹ̀ bá tú ká lọ́wọ́, tí gbòǹgbò sì jẹ́ fọ́nrán díẹ̀ tó rọ̀ dirodiro, kò tíì tó. Kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n fún ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, kí wọ́n bomi rin ín, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Bí ilẹ̀ bá jáde lódindi, tó mú àwòrán ìkòkò, tí gbòǹgbò funfun sì hàn káàkiri ara rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ ṣì pọ̀ ju gbòǹgbò lọ lójú, ó ti tó, kí wọ́n má ṣe dá a padà mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ gbòǹgbò nìkan ni ó hàn, tó yí ara rẹ̀ ká nísàlẹ̀ bí òṣùká, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣú, ó ti pẹ́. Àwọ̀ gbòǹgbò ṣe pàtàkì. Funfun tàbí funfun tó pọ́n díẹ̀ ni gbòǹgbò tó ní ìlera. Èyí tó dúdú, tó ń yọ̀, tó sì ń rùn, omi àpọ̀jù ni ó pa á. Lílọ́ sínú ìkòkò ńlá kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Lílọ́ ṣáájú àkókò ní ewu méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì so pọ̀ yóò tú nígbà tí wọ́n bá ń gbé e, yóò sì fa àwọn gbòǹgbò tín-ín-tín já. Àwọn tín-ín-tín yìí ni ó ń fa omi, kì í ṣe èyí tó nípọn. Ọmọ ata tí wọ́n ti fa gbòǹgbò rẹ̀ já lè rọ fún ọjọ́ mélòó kan bí omi tilẹ̀ wà nílẹ̀. Èkejì ni ti omi tó pọ̀ ju agbára gbòǹgbò lọ. Nínú ìkòkò, apá ìsàlẹ̀ ni ó máa ń rin jù, tó sì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Gbòǹgbò ni ó yẹ kó fà á gbẹ kí afẹ́fẹ́ lè rọ́pò omi láàárín ilẹ̀, torí gbòǹgbò ń mí. Níbi tí gbòǹgbò kò bá dé, omi yóò jókòó síbẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé, ilẹ̀ yóò máa kan, àrùn yóò sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí títóbi ìkòkò tuntun fi jẹ́ ara mímọ àkókò. Igi tó tó lọ́ sínú ìkòkò lítà méjì lè má tíì tó lọ́ sínú èyí tó gba lítà 20. Ojú máa ń tan ènìyàn jẹ níbí. Ìkòkò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 tó sì ga ní 20 dà bí ìlọ́po méjì èyí tó fẹ̀ ní 10 tó sì ga ní 10, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́jọ ilẹ̀ ni ó gbà. Níbi tí òtútù wà, tí ilẹ̀ kì í tètè gbẹ, ìkòkò tuntun kò yẹ kó ju ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti àtijọ́ lọ: láti inú ìkòkò sẹ̀ǹtímítà 9, tí kò gbà tó ìlàjì lítà, bọ́ sí lítà kan ààbọ̀ tàbí méjì, kó tó wá kan èyí tí yóò ti so. Nínú oòrùn Ìbàdàn tàbí Òṣogbo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ ń gbẹ kíákíá, gbòǹgbò sì ń sáré, nítorí náà ọmọ ata lè ti inú ọ̀rá pure water bọ́ sínú ike ọ̀dà lítà mẹ́rin láìsí ewu. Bí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́ ní oṣù Okúdù tàbí Agẹmọ, ìwọ̀n ti ilẹ̀ òtútù ni ó bọ́gbọ́n mu, àfi bí ìkòkò bá wà lábẹ́ ìbòrí.

Lílọ́ lẹ́yìn àkókò kì í tètè pani, ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ ń pẹ́ lára. Omi tí wọ́n bá dà sí ìkòkò tí gbòǹgbò ti kún kì í dúró. Yóò gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò wọ́ sísàlẹ̀, yóò sì jáde ní ihò ìdí kó tó rin àárín. Igi tí wọ́n bomi rin láàárọ̀ yóò ti rọ kó tó di ọ̀sán. Ewé ìsàlẹ̀ yóò pọ́n rúsúrúsú, nítorí pé náítírójìn tó wà nínú wọn ni igi ń gbé lọ fún ọ̀mùnú nígbà tí kò bá rí tuntun gbà nínú ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òdòdó yóò yọ lára igi tí kò tíì tó ohun tó ń so. Inú àwọn kan máa ń dùn sí i, wọ́n á ní ata àwọn ti tètè tanná. Ìnira ni ó ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀, igi náà sì lè kúrú títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tó dára ni kí wọ́n já òdòdó náà dànù, kí wọ́n lọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí oúnjẹ igi lè padà sí gbòǹgbò àti ewé.

Èyí tó ti pẹ́ ṣì ṣe é tún ṣe. Bí gbòǹgbò bá ti yí ara rẹ̀ ká, kí wọ́n má gbé e sínú ilẹ̀ tuntun bẹ́ẹ̀, torí pé yóò máa yí lọ níbi tó ti ń yí ni. Ìka ni wọ́n fi ń rọra tú ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti le jù, ọ̀bẹ mímú ni wọ́n fi ń gé ibi tó yí po nísàlẹ̀, wọn yóò sì fa ọ̀bẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Láti ojú gígé náà ni ẹ̀ka tuntun yóò ti yọ wọ inú ilẹ̀. Igi tí wọ́n ṣe báyìí fún gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òjìji ju àwọn yòókù lọ, kò sì burú bí wọ́n bá dín ewé rẹ̀ kù díẹ̀, kí omi tí ewé ń lò má bàa ju èyí tí gbòǹgbò lè fà lọ.

Ó yẹ kí olùgbìn mọ àwọn àmì tó ń tanni jẹ. Ewé tó pọ́n kì í ṣe ẹ̀rí pé ìkòkò ti kéré nígbà gbogbo. Bí ewé bá pọ́n nígbà tí ìkòkò ṣì wúwo fún omi, omi ti pọ̀ jù ni. Igi tó bá rọ lọ́sàn-án tó sì nà padà nírọ̀lẹ́ láìsí omi, ooru ni ó bá a jà. Èyí tó rọ nígbà tí ilẹ̀ rin, gbòǹgbò rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò fún ìdíbàjẹ́. Ewé tó ká, tó sì wúnjọ, lè jẹ́ iṣẹ́ kòkòrò tín-ín-tín tó ń fa omi abẹ́ ewé, tàbí àrùn tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ gbé wá. Ọmọ ata tó ga tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wá, kì í ṣe ilẹ̀. Nínú gbogbo èyí, ẹni tó bá sáré lọ́ ata ti fi ìṣòro kejì kún ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ ọ́ wò yóò mọ èyí tó jẹ́ ti gbòǹgbò àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń gbìn máa ń yí òǹkà ọ̀sẹ̀ padà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò àkọ́rọ̀ oṣù Ẹrẹ́nà sí Igbe àti òjò ìparí oṣù Ògún sí Owewe ni ó bá lílọ́ sí gbangba mu jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ rin, ewé kì í sì í pàdánù omi kíákíá. Ọmọ ata tó tó lọ́ nígbà ọyẹ́ kò ṣe é dá dúró de òjò, nítorí gbòǹgbò kì í dúró. Ohun tó kù ni kí wọ́n lọ́ ọ sínú ìkòkò tó tóbi díẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ kò ti ní gbá a. Ní London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ra rodo ní ọjà Peckham, tí àwọn mìíràn sì ń gbìn ín lójú fèrèsé, oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà ni wọ́n ń fọ́n hóró sínú ilé. Ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń tan iná sórí rẹ̀ fún wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́. Gbòǹgbò ata kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn bí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 15 lórí ìdíwọ̀n Celsius, ìlọ́ kan sí òmíràn sì lè pẹ́ ju ti Ìbàdàn lọ. Ìkòkò ìkẹyìn kò gbọ́dọ̀ jáde síta kí ìrì dídì tó kásẹ̀ nílẹ̀; ìparí oṣù Èbìbí tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Okúdù ni wọ́n sábà máa ń gbé e síta. Olùgbìn tó bá rí i pé gbòǹgbò ti kún ṣáájú ìgbà náà yóò lọ́ ọ sínú ìkòkò àárín nínú ilé, kò ní dúró de ojú ọjọ́.

Kì í ṣe gbogbo irúgbìn ni òfin rodo bá mu. Tòmátì, tó jẹ́ ẹbí ata, tètè ń dàgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó fún un. Ó tún ṣe é rì mọ́lẹ̀ dé ìdí ewé rẹ̀, nítorí pé ara igi rẹ̀ ń ta gbòǹgbò níbi tí ilẹ̀ bá bò. Ata kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe èyí, nítorí náà ibi tí ilẹ̀ dé lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó yẹ kí ilẹ̀ dé nínú ìkòkò tuntun, tàbí kó ga sí i díẹ̀ péré. Igbá jọ ata ní púpọ̀. Kòkó ń lo oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà nínú ọ̀rá, olú gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣọ́ jù lọ, torí èyí tó bá lọ́ po nísàlẹ̀ ọ̀rá kò ní lè walẹ̀ tó nígbà tó bá dóko. Ẹ̀gúsí, elégédé, ẹ̀wà àti ilá kò fẹ́ kí wọ́n dààmú gbòǹgbò wọn rárá. Ibi tí wọn yóò ti so ni ó sàn kí wọ́n gbìn wọ́n sí.

Bí ọjọ́ bá pé, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ́ ata, tàbí ọjọ́ tí ìkùukùu bò, kí igi lè fi òru gbára dì fún oòrùn. Ọmọ ata tó ti wà lábẹ́ ìbòrí yóò kọ́kọ́ lo bí ọ̀sẹ̀ kan láti mọ oòrùn: wákàtí kan tàbí méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ tuntun lè jẹ́ ìdá mẹ́ta ilẹ̀ dúdú, ìdá kan ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, àti ìdá kan yanrìn odò. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ń jó gbòǹgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajílẹ̀ oníhóró bíi NPK 15-15-15 tí wọ́n bá bù mọ́ ìdí ata lọ́jọ́ tí wọ́n lọ́ ọ; ó sàn kó dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ń mu sìgá gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ọmọ ata, torí ẹbí kan ni tábà àti ata, kòkòrò àrùn inú ewé tábà sì lè gba ọwọ́ dé ara ata. Wọn yóò fi ilẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, wọn yóò gbé òkìtì gbòǹgbò lé e, wọn yóò kó ilẹ̀ yí i ká, wọn yóò rọra tẹ̀ ẹ́ láìfún un pọ̀ jù, wọn yóò sì bomi rin ín títí omi yóò fi yọ ní ihò ìdí.

Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti òjìji. Kí ewé rọ díẹ̀ lọ́sàn-án kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù bó bá nà padà lálẹ́. Omi tó kàn kò gbọ́dọ̀ tètè dé. Kí ojú ilẹ̀ gbẹ tó bí oríkèé ìka kan kí wọ́n tó tún bu omi sí i, nítorí gbòǹgbò tó ń wá omi ni ó ń rìn wọ inú ilẹ̀ tuntun. Bí ọ̀mùnú bá yọ ewé tuntun tó tutù yọ̀yọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ata náà ti gba ilé rẹ̀. Bí kò bá yọ ohunkóhun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n yẹ omi àti òtútù wò kí wọ́n tó rò ó sí ajílẹ̀.

Ìkòkò ìkẹyìn rodo kò yẹ kó gbà kéré sí lítà 10. Ike ọ̀dà lítà 20 tí wọ́n lu ihò sí nídìí dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni yóò sì ti so títí. Ìlọ́ méjì tàbí mẹ́ta ló wà láàárín hóró àti ike yìí, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn sì ní. Kí ẹni tó ń gbin ata má ṣe fi gíga igi tàbí iye ọ̀sẹ̀ nìkan dájọ́ rẹ̀. Kó dorí ìkòkò kodò, kó wo gbòǹgbò. Bí gbòǹgbò bá ti so ilẹ̀ pọ̀ tí kò sì tíì fún ara rẹ̀ pa, kó lọ́ ọ lọ́jọ́ náà.